Orí Keje: Káìtì Wo Ni Ẹ̀fúùfù Etíkan Ń Fẹ́?

Bí a bá rí ẹni tí ó ti fi ìgbà kan rí jókòó nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní etí òkun, tí aṣọ ńlá kan tí ń fò lókè ń fa òun àti kẹ̀kẹ́ náà sáré lórí iyanrìn, tí iṣẹ́ òòjọ́ àti ìtọ́jú ọmọ wá gba eré náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, bí ọkàn rẹ̀ bá tún fà sí i lónìí, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ kò ní ju ẹyọ kan lọ: irú káìtì wo ni kí n mú? Ọ̀pọ̀ a máa rò pé ìdáhùn rẹ̀ kò le, pé ẹni tí ó bá fẹ́ sáré kí ó ra èyí tí ó tóbi jù. Èrò yìí ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn léṣe. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, àwọn àgbà ni ó wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó lè mọ ìwọ̀n ìtẹ́, a ní láti mọ eku, eku tí a sì ń sọ níhìn-ín ni ẹ̀fúùfù. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ olùkàwé pé kí ó fara balẹ̀ bá mi wá ìdí ọ̀rọ̀ náà: ohun tí ó wà nínú aṣọ tí ń fò tí ó fi lè fa odidi ènìyàn, ohun tí ń sọ agbára rẹ̀ di púpọ̀ tàbí díẹ̀, àti irú ẹ̀fúùfù àti irú iyanrìn tí Ẹlẹ́dàá fi jíǹkí etí òkun Ìlàjẹ níhà Etíkan.

Kẹ̀kẹ́ iyanrìn tí mo ń wí yìí kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní pẹ́dà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní bíréèkì. Irin tí a tẹ̀ ni ara rẹ̀. Táyà kan wà níwájú, méjì wà lẹ́yìn. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ jókòó sílẹ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iyanrìn, ẹsẹ̀ ni ó sì fi ń yí táyà iwájú, nítorí pé káìtì ti gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Peter Lynn, ará Ashburton ní ilẹ̀ New Zealand, ni ó ṣe irú èyí tí ayé mọ̀ lónìí, ní nǹkan bí 1990. Ṣùgbọ́n èrò náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1826, olùkọ́ ilé-ìwé kan ní Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Pocock, gba ìwé-àṣẹ lórí kẹ̀kẹ́ tí káìtì ń fà, tí ó sì lè gbé ju ènìyàn kan lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé iye ẹṣin tí ń fa kẹ̀kẹ́ ni àwọn oníbodè ayé ìgbà náà fi ń ṣírò owó tí wọn yóò gbà. Nígbà tí Pocock dé ọ̀dọ̀ wọn tí wọn kò rí ẹṣin kankan kà, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n jẹ́ kí ó kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ tiwa ní Áfíríkà ẹ̀wẹ̀, ní 1967, ọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ onígbòkun la aṣálẹ̀ Sàhárà já láti Béchar ní Àlùjéríà títí dé Nouakchott ní Mauritania, láìsí ohun mìíràn tí ó ń tì wọ́n ju ẹ̀fúùfù.

Kò sí ẹni tí yóò sọ fún ará Ìlàjẹ pé ohun àjèjì ni kí ẹ̀fúùfù ṣiṣẹ́ fún ọmọ ènìyàn. Àwọn Ìlàjẹ, arómi-má-sá, tí omi jẹ́ oko fún tí ọkọ̀ sì jẹ́ ẹṣin fún, ti ń ta ìgbòkun sórí ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó dé. Ẹni tí ó bá gba orí afárá kẹta kọjá ní Èkó tí ó sì bojú wo ọ̀sà níhà Màkókó, níbi tí Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn jọ ń gbé, yóò ṣì rí ìgbòkun tí wọ́n fi àpò àti ọ̀rá rán pọ̀, tí ó wú kẹ̀ǹkẹ̀ lórí ọkọ̀ apẹja. Káìtì kò ju ìgbòkun tí a tú kúrò lára òpó rẹ̀, tí a sì fi okùn gígùn rán lọ sókè. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà láàrin wọn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà ni ó fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ: ìgbòkun dúró sójú kan lórí ọkọ̀, káìtì sì lè máa rìn fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí bí aṣọ ṣe ń rí agbára nínú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láti Igbókọ̀dá lọ sí ìhà òkun, tí ọkọ̀ náà sì ń sáré tete, ẹ na ọwọ́ sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá dojú àtẹ́lẹwọ́ kọ omi gbọnrangandan, ńṣe ni omi yóò máa ti ọwọ́ yín sẹ́yìn, agbára yóò sì tán lápá yín láìpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ wá gbé ẹ̀gbẹ́ tí ó wà níwájú sókè díẹ̀, díẹ̀ ṣá, ẹ óò rí i pé ọwọ́ náà fẹ́ fò jáde kúrò nínú omi, tí ìtìsẹ́yìn sì dín kù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ọwọ́ yín ń darí omi sí ìsàlẹ̀ bí ó ti ń kọjá, omi náà sì ń gbẹ̀san nípa títi ọwọ́ sókè. Agbára tí ń gbé ọwọ́ lọ sókè yìí ni n óò máa pè ní ìgbésókè. Èyí tí ń tì í sẹ́yìn ni n óò máa pè ní ìfàsẹ́yìn. Káìtì rere ni èyí tí ìgbésókè rẹ̀ pọ̀ ju ìfàsẹ́yìn rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Afẹ́fẹ́ àti omi kò yàtọ̀ nínú ọ̀ràn yìí, àfi pé afẹ́fẹ́ fúyẹ́ púpọ̀. Ohun tí ó jẹ́ ìdí rẹ̀ nìyí tí àtẹ́lẹwọ́ fi tó nínú omi, tí ó sì jẹ́ pé odidi aṣọ ni a ń fẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Ní 1964, Domina Jalbert, ará Amẹ́ríkà, wá ọgbọ́n káìtì tí kò ní igi nínú rárá: aṣọ méjì ni a rán mọ́ ara wọn lókè àti nísàlẹ̀, tí a fi aṣọ mìíràn dá àárín wọn sí yàrá-yàrá, tí a sì ṣí ẹnu yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ níwájú. Nígbà tí ẹ̀fúùfù bá wọ ẹnu wọ̀nyí, kò rí ibi jáde, ni gbogbo rẹ̀ bá wú, ni ó bá di apá ẹyẹ. Irú káìtì alápò yìí ni ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ iyanrìn, nítorí kò ní ohun tí yóò kán nígbà tí ó bá já lulẹ̀, a sì lè ká a sínú àpò kékeré.

Nísinsìnyí, olùkàwé lè rò pé ńṣe ni ẹ̀fúùfù yóò máa ti káìtì láti ẹ̀yìn, tí káìtì yóò sì máa wọ́ kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e. Àwòdì tí ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ní iṣẹ́ kúkú yá. Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ohun tí a bá ń ta nídìí kò lè yára ju ẹni tí ń ta á lọ. Kẹ̀kẹ́ iyanrìn a sì máa yára ju ẹ̀fúùfù lọ dáadáa. Àwọn ọ̀gá nínú eré náà ti sáré kọjá kìlómítà 120 ní wákàtí kan, ẹ̀fúùfù tí ó gbé wọn kò sì tó bẹ́ẹ̀. Báwo ni èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ dúró sí etí òkun, kí ẹ kẹ́yìn sí ẹ̀fúùfù. Gbogbo ibi tí káìtì lè dé níwájú yín, láti ọwọ́ òtún dé ọwọ́ òsì, àti láti ilẹ̀ dé òkè orí, ni n óò pè ní àgbàlá ẹ̀fúùfù. Bí káìtì bá wà ní bèbè àgbàlá náà, ìbáà jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ tàbí lókè orí gan-an, ńṣe ni yóò rọra dúró, tí kò sì ní í fà púpọ̀. Bí ó bá wọ àárín àgbàlá, níwájú yín gan-an níbi tí ẹ̀fúùfù ti kọlu ojú rẹ̀, yóò fà gidigidi. Ṣùgbọ́n àṣírí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìrìn rẹ̀. Káìtì tí a bá darí kí ó máa fò láti bèbè kan la àárín kọjá ń sáré ju ẹ̀fúùfù tí ó gbé e lọ, bí ó sì ti ń sáré ni ó ń pàdé afẹ́fẹ́ tuntun tí ìsáré tirẹ̀ gan-an dá sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ àpàdé ni mo pe èyí. Aṣọ kò mọ ẹ̀fúùfù tí ń fẹ́ lórí ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ àpàdé nìkan ni ó mọ̀, òun ni ó sì ń dáhùn sí. Káìtì kékeré tí ń sáré lè tipa bẹ́ẹ̀ fà ju ńlá tí ó dúró sójú kan lọ.

Kẹ̀kẹ́ náà ní ipa tirẹ̀. Káìtì ń fà á síwájú díẹ̀, ó sì ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n táyà kò lè yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, iwájú nìkan ni ó lè yí sí, nítorí náà ìfà ẹ̀gbẹ́ já sí asán, ti iwájú sì di ìrìn. Àjẹ̀ tí atukọ̀ onígbòkun tẹ̀ bọ omi ṣinṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí ó má ba à máa fẹ̀gbẹ́ rìn, iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe. Nípa bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ fi lè gba ìbú ẹ̀fúùfù lọ sí òtún àti sí òsì, kódà ó lè dojú kọ ibi tí ẹ̀fúùfù ti ń bọ̀ díẹ̀, bí ó bá ń lọ ní wọ́gọwọ̀gọ.

Ibi tí a dé yìí ni ọ̀rọ̀ yíyan káìtì gbé wà, n óò sì fẹ́ kí olùkàwé kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ̀fúùfù bá di ìlọ́po méjì, ìfà káìtì kì í di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni ó ń dà. Ìdí rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tí ń kan aṣọ náà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ti di ìlọ́po méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ sì tún ń bọ̀ pẹ̀lú eré ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá di ìlọ́po méjì, ìfà rẹ̀ kò ju ìlọ́po méjì náà lọ. A máa ń fi mítà onígun mẹ́rin wọn aṣọ káìtì: mítà 1 ni aṣọ tí ó gùn ní mítà kan tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan. Káìtì mítà 6 nínú ẹ̀fúùfù tí ń sáré kìlómítà 15 ní wákàtí kan, àti káìtì mítà 1 ààbọ̀ nínú ẹ̀fúùfù kìlómítà 30, ẹgbẹ́ ni wọ́n nínú ìfà. Ẹ wá ronú ẹni tí ó gbé mítà 6 jáde ní òwúrọ̀ tí atẹ́gùn ń rọra fẹ́, tí ó sì wà nídìí rẹ̀ títí ẹ̀fúùfù ọ̀sán fi dé bá a: ẹni náà kò pààrọ̀ ohunkóhun, síbẹ̀ bí ẹni pé ó pààrọ̀ káìtì rẹ̀ sí mítà 24 ni.

Ẹ̀fúùfù wo wá ni ó ń fẹ́ ní Etíkan? Etí òkun Ìlàjẹ dojú kọ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, láti ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀fúùfù òjò ti ń wá, tí ó máa ń le jù nínú oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ. Lójoojúmọ́ ni oòrùn tún ń fi tirẹ̀ kún un: ilẹ̀ ń gbóná kíákíá, omi òkun ń lọ́ra láti gbóná; afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ ń gbóná, ó ń fúyẹ́, ó ń gòkè lọ, afẹ́fẹ́ tútù láti orí òkun sì ń rọ́ wọlé wá gba ààyè rẹ̀. Ìdí nìyí tí òwúrọ̀ fi ń pa rọ́rọ́ tí ẹ̀fúùfù sì ń mókè láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Kódà nínú ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń ti aṣálẹ̀ bọ̀, ẹ̀fúùfù òkun ṣì sábà máa ń borí ní etí omi nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n.

Ohun méjì ni èyí ṣe fún oníkẹ̀kẹ́. Èkíní dára púpọ̀: nítorí pé ẹ̀fúùfù ń ti òkun bọ̀ tààrà, ẹni tí ó bá ń gba etí omi lọ, ìbáà jẹ́ síhà Èkó tàbí síhà Ayétòrò, ìbú ẹ̀fúùfù ni ó wà ní àlọ àti ní àbọ̀, kò sì sí ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń rìn dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀fúùfù náà sì tún ń bọ̀ ní títẹ́jú, nítorí pé kò sí igi, kò sí ilé lójú omi tí yóò já a sí wẹ́wẹ́. Èkejì gba ìṣọ́ra. Ibi tí ẹ̀fúùfù ń lọ ni káìtì máa ń wà, ibi tí ẹ̀fúùfù sì ń lọ níhìn-ín ni orí ilẹ̀: igi àgbọn, òrùlé páànù, òpó iná, àwọn ènìyàn tí wọ́n ń sá ẹja. Okùn káìtì máa ń gùn tó mítà 20 sí 25. Ẹni tí kò bá ní ààyè tí ó ju ìyẹn lọ dáadáa láàrin ara rẹ̀ àti igi àgbọn àkọ́kọ́, kí ó má ṣe gbé káìtì sókè níbẹ̀, bí ó ti wù kí káìtì náà kéré tó.

Iyanrìn náà ní tirẹ̀ láti sọ. Níhà Àràròmí, iyanrìn wà ní gbẹrẹgẹdẹ. Bí a bá ń lọ sí ìlà-oòrùn gba Ayétòrò kọjá, iyanrìn ń tán lọ, ẹrọ̀fọ̀ Màhìn ń gba ipò rẹ̀, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ run lọ́dọọdún, ohun tí ó ń ba ni nínú jẹ́ gidigidi. Kò sí táyà tí ó lè rìn nínú ẹrọ̀fọ̀ yẹn, nítorí náà ìhà ìwọ̀-oòrùn ni kẹ̀kẹ́ ti lè rí ilẹ̀ tẹ̀. Níbẹ̀ pàápàá, omi kì í fà sẹ́yìn púpọ̀ ní etí òkun wa. Ìyàtọ̀ láàrin ìgbà tí ó kún àti ìgbà tí ó fà kò ju nǹkan bí mítà 1 lọ. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó tutù tí ó sì le. Ohun tí ó wà lókè rẹ̀ jẹ́ iyanrìn gbígbẹ tí ó rọ̀, tí ń gbé táyà mì. Iyanrìn rírọ̀ a máa jẹ agbára. Ẹni tí ó bá wà lórí rẹ̀ yóò rò pé káìtì òun kéré jù, yóò pààrọ̀ rẹ̀ sí ńlá, nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá sì bọ́ sórí ìlà líle ni yóò mọ ohun tí ó ṣe. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí a fi táyà fífẹ̀ wá ojútùú sí iyanrìn rírọ̀. Ẹ̀fúùfù nìkan ni kí a fi káìtì dá lóhùn.

Bí a kò bá ní ẹ̀rọ tí ń wọn afẹ́fẹ́, ojú òkun tó. Francis Beaufort, ọ̀gágun orí omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ìpìlẹ̀ ọgbọ́n yìí lélẹ̀ ní nǹkan bí 1805. Bí ìfóòfó funfun bá ń yọ lórí ìgbì lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi tí omi ti jìn kúrò ní etí ilẹ̀, ẹ̀fúùfù wà láàrin kìlómítà 12 sí 19. Bí funfun náà bá ti ń yọ léraléra, ó ti di 20 sí 28. Bí ojú òkun bá funfun káàkiri tí omi sì ń ta sókè, ó ti tó 29 sí 38. Fún ẹni tí ó wọn nǹkan bí kílò 75, káìtì alápò mítà 5 tàbí 6 yẹ ti àkọ́kọ́, mítà 3 ààbọ̀ tàbí 4 yẹ èkejì, mítà 2 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹ ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó sanra jù bẹ́ẹ̀ lè fi díẹ̀ kún un, ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ a dín in. Ẹni tí ó ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, kí ó fi ipò kan rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìṣirò yìí, kí ó sì fi ẹ̀fúùfù ẹ̀kẹta sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ káìtì kan ṣoṣo ni owó rẹ̀ ká, mítà 4 ni n óò ní kí ó rà fún etí òkun wa, nítorí pé òun ni yóò wúlò ní ọ̀sán tí ó pọ̀ jù.

Ìrísí ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n. Káìtì gbọọrọ, tí apá rẹ̀ gùn tí àyà rẹ̀ sì tín-ín-rín, ní ìfàsẹ́yìn díẹ̀, nítorí náà ó ń sáré, ó sì ń fà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀fúùfù bá ṣe ségesège díẹ̀ báyìí, yóò ká lọ́wọ́, tàbí kí ó kọjá orí ẹni tí ó dì í mú kí ó sì já lulẹ̀. Káìtì tí ó fẹ̀ láyà lọ́ra díẹ̀, ó sì ní sùúrù. Òun ni ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé iṣẹ́. Kí ó jẹ́ olókùn mẹ́rin, kí ó má ṣe jẹ́ olókùn méjì: okùn méjì ti òkè ni ó ń fà wá, méjì ti ìsàlẹ̀ ni ìjánu, bí ti ẹṣin. A so ìjánu yìí mọ́ ọrùn ọwọ́ méjèèjì, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí nǹkan bá le, kí a kàn ju ohun tí a dì mú sílẹ̀ ni; ìjánu yóò fa ẹ̀yìn aṣọ, káìtì yóò pàdánù ìgbésókè rẹ̀, yóò sì rọ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni: kí a dán ìjùsílẹ̀ yìí wò lórí ìdúró, ní ẹsẹ̀ wa méjèèjì, títí ọwọ́ yóò fi máa ṣe é láìrò ó, kí a tó fi ìdí kan ìjókòó kẹ̀kẹ́.

Káìtì àtijọ́ tí ó ti wà nínú àpò láti ìgbà yẹn kò yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Oòrùn a máa jẹ aṣọ rẹ̀; bí ẹ bá fi ìka fà á díẹ̀ tí ó ya bí bébà, ó ti kú nìyẹn. Okùn rẹ̀ tilẹ̀ ṣe pàtàkì jù, nítorí pé àwọn tí ń fà máa ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀, àwọn ti ìjánu kì í sì í gùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, ìjánu ti kúrú ju bí ó ti yẹ lọ, yóò máa dá káìtì lẹ́kun láìsí pé ẹnikẹ́ni fà á, ẹni tí ó ni ín yóò sì máa rò pé ẹ̀fúùfù ni kò tó. Kí a kan èèkàn kan mọ́lẹ̀, kí a fi orí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ ọ, kí a fà wọ́n le, kí a sì mú wọn dọ́gba.

Láàrin oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìjì tí ń ti ìlà-oòrùn wá ni kí oníkẹ̀kẹ́ máa fi ojú kan ṣọ́. Ìjì yìí kì í bá ẹ̀fúùfù òkun rìn; ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń gbà yọ, ó sì lè sọ ẹ̀fúùfù kìlómítà 15 di 60 láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tí í ṣe ìfà ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Bí ojú ọ̀run bá ṣú níhà Màhìn, tí ẹ̀fúùfù òkun sì ṣàdédé dákẹ́, kí a má ṣe dúró wo ohun tí yóò tẹ̀lé e. Kí a fi ìjánu mú káìtì wálẹ̀, kí a bu iyanrìn lé ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹnu àwọn yàrá rẹ̀ má ba à tún ṣí, kí a ká okùn, nítorí pé okùn tí òjò bá ti rin lè mú mànàmáná wá sí ọwọ́ ẹni, kí gbogbo rẹ̀ sì ti wà nínú àpò kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó kan iyanrìn.